Táyà Wo Ló Yẹ Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Wọ Oko?

  Ọ̀rọ̀ táyà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń dáko lẹ́yìn Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn, ló fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ohùn wọn gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ nìyí.

Wọ́n ní Hilux kan, four-wheel ni. Iṣu àti kaṣú ni wọ́n ń gbìn. Láti ilé dé oko, apá kan jẹ́ títì ọlọ́dà, apá kan jẹ́ ilẹ̀ pupa, èyí tó kù kò yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ lójú. Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń là kọjá. Lọ́dún tó kọjá, lásìkò tí wọ́n ń kó iṣu tuntun jáde, ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá odò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú wọn sí, ilẹ̀ sì mọ́ kí tirakítọ̀ tó wá fa ọkọ̀ jáde. Ni wọ́n bá gba Ìbàdàn lọ, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà. Ẹni yẹn fi oríṣi méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, eléyín gàǹgà-gàǹgà, irú èyí tí à ń rí lábẹ́ ọkọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé olóṣèlú. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, eyín rẹ̀ kún, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa wá bi wá pé, èwo ni kí àwọn rà?

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n sọ kọjá lọ, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, òun gan-an ló mú mi sọ pé kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí sókè lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà máa ń jókòó sórí iṣu yẹn bọ̀ wálé lálẹ́. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi yín sínú òkùnkùn títí dé ìparí ètò. Ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ ra táyà oko, ibi tí ọkọ̀ ti rì gbẹ̀yìn ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Kò burú, ibi tó bá dun èèyàn ni ọwọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ti ń rì kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Kìlómítà tó kù ńkọ́? Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìrìn ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ń lọ sóko lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, àwọn sì ń gbé ọjà lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan. Láti Ìgbòho dé Ìbàdàn, lílọ àti bíbọ̀, ó ju 300 kìlómítà lọ, orí ọ̀dà sì ni. Tí ẹ bá ro ìrìn oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò ní tó ìyẹn. Orí ọ̀dà náà ni eré ti ń pọ̀, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń jó ilẹ̀, ibẹ̀ ni táyà ti ń gbóná. Inú ẹrẹ̀, ọkọ̀ á rì, ẹ ó bínú, ẹ ó ṣàárẹ̀, ẹ ó sanwó fún onítirakítọ̀. Lórí ọ̀dà, táyà á bẹ́. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo oríṣi táyà tó wà. Lẹ́tà méjì ni ẹ ó máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ táyà píkọ́ọ̀pù. H/T ni ti títì: eyín rẹ̀ kéékèèké, ó sún mọ́ra, kì í pariwo, ó sì máa ń pẹ́. Òun ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Hilux nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́. Tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ amọ̀, ẹrẹ̀ á dí àárín eyín rẹ̀, táyà á sì dán bí ọmọ ọlọ. M/T ni ti ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀, kí ó lè máa ju ẹrẹ̀ nù bó ṣe ń yí. A/T wà láàárín méjèèjì: eyín rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti H/T lọ, àyè àárín rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń kan ọ̀dà ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ojú ara rẹ̀ pín in, nítorí náà A/T ẹnìkan lè le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má kàn ka lẹ́tà nìkan.

Táyà eléyín gàǹgà yẹn, M/T, nínú ẹrẹ̀ tó ní ìsàlẹ̀ tó le, ó dára púpọ̀. Kò sí èyí tó ju ú lọ. Àwọn tó ń gbé pákó jáde nínú igbó lágbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Ìdànrè, tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni títì wọn láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, mi ò ní bá wọn jiyàn tí wọ́n bá rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa fi san án. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀dà, àyè tó fẹ̀ láàárín eyín yẹn túmọ̀ sí pé rọ́bà tó di títì mú kéré. Ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á pẹ́ kó tó dúró. Ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, epo tó ń jẹ ń pọ̀ sí i, eyín náà sì ń tètè jẹ lórí ọ̀dà, owó ńlá tí ẹ san ń dín kù lójú títì lójoojúmọ́. Lórí iyanrìn rírọ̀ ńkọ́? Ńṣe ló ń gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Ẹni tó bá tẹ tọ́tùù mọ́lẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú M/T, inú kòtò tó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ló máa jókòó sí.

Fún ẹni tó ń ṣe irú ìrìn tí ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe, A/T ni. Tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí wọ́n bá bi mí, ohun tí máa sọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n eyín táyà kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ḿbà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń kà dé ìdajì. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ lára Hilux: 265/65R17, lẹ́yìn náà 112S. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta táyà, 265/65R17 là ń pè. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn bíi 172 mìlímítà. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ìnṣì. Gbogbo èyí, ọmọ ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n. Èyí tí a kì í pè ni 112S, òun ló sì ń sọ ohun tí táyà lè rù. S ń sọ eré tó lè sá dé, 180 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn kò kàn wá lórí ọ̀nà wa. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru 1,120 kílò. Ẹ máa rí àwọn mìíràn: 100 jẹ́ 800 kílò, 104 jẹ́ 900, 116 jẹ́ 1,250, 121 jẹ́ 1,450. Táyà méjì lè bá ríìmù kan náà mu, kí eyín wọn sì jọra, kí ọ̀kan fi igba kílò ju èkejì lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí iṣu ẹ̀gbọ́n wa. Ká sọ pé iṣu 250 ni wọ́n kó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò mẹ́ta péré, 750 kílò nìyẹn. Ọkùnrin mẹ́fà jókòó sórí rẹ̀, ká fi 70 kílò sí ẹnìkọ̀ọ̀kan, 420. Àpapọ̀ jẹ́ 1,170. Ohun tó bá wà nínú kẹ́ẹ̀bù ẹ̀yìn, àwọn táyà ẹ̀yìn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ká ní òfìfo ọkọ̀ ti gbé 800 kílò lé ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ó ti di 1,970, tí a bá sì pín in sí méjì, táyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ń ru 985 kílò. Tí ó bá jẹ́ táyà 104 ni ẹ rà nítorí pé ó dínwó, ẹ ti gbé ẹrù lé e ju agbára rẹ̀ lọ kí ẹ tó kúrò nínú oko. Táyà 112 á ṣì rù ú, ṣùgbọ́n àfi tí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá pé. Kódà nígbà náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti kọjá ààlà, nítorí ẹrù tí wọ́n ṣe Hilux fún kì í sábà ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, èèyàn inú rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Táyà tó lágbára kò lè sọ ọkọ̀ di ohun tí kì í ṣe. Bíréèkì ńkọ́? Sípíríǹgì ńkọ́? Wọn kò pààrọ̀ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù táyà.

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí iṣu kọ́kọ́ lọ, kí àwọn èèyàn tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì jókòó sínú, kì í ṣe sórí ẹrù. Epo ìrìn kejì wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́ lórí eré 80, ẹni tó wà nídìí sítíà á di sítíà mú. Kí ni àwọn tó wà lórí iṣu á dì mú?

Nípa agbára ẹrù náà, ẹ lè rí lẹ́tà LT ṣáájú nọ́ḿbà, tàbí C lẹ́yìn rẹ̀. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn, okùn inú rẹ̀ le jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn. Fún ọ̀nà oko tí kùkùté pọ̀ sí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Ẹ̀gbẹ́ ni kùkùté máa ń gún, kì í ṣe ojú eyín, ihò tó bá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà kò ní àtúnṣe tó ṣeé gbọ́kàn lé. Àmọ́ LT nílò atẹ́gùn tó ju ti táyà lásán lọ kí ó tó lè ru ẹrù kan náà. Ẹ má ṣe gbé géèjì àtijọ́ lé e. Ẹni tó bá ta á fún yín gbọ́dọ̀ lè sọ iye tó yẹ, tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ó kù wá ku tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀rọ̀ máa di àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ á sọ pé tòkunbọ̀ láti Jámánì dára ju tuntun láti Ṣáínà lọ. Mo ti gbọ́ ọ níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ní Nàìjíríà yìí, a ti máa ń ṣe táyà fúnra wa rí. Michelin ní ilé-iṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop ní ti Ìkẹjà. Michelin dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró níbẹ̀ ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní 2008. Igi rọ́bà ṣì wà ní Oǹdó, ní Ẹdó àti ní Délta, wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ tí oje rẹ̀ ń ro sínú ife, ṣùgbọ́n òkè òkun ni táyà ti ń bọ̀ wá bá wa. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba táyà àlòkù fún ọkọ̀ kéékèèké àti píkọ́ọ̀pù láyè láti wọlé, síbẹ̀ ẹ̀ ń rí i lẹ́bàá títì gbogbo. Báwo ló ṣe ń wọlé? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń ki ọ̀kan bọ inú èkejì, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹyọ kan, kí kọ̀ǹtẹ́nà lè gbà á. Ẹ ronú agbára tí wọ́n fi ń tẹ rọ́bà àti wáyà kí wọ́n tó lè ki i bẹ́ẹ̀. Wáyà tó wà ní etí táyà, èyí tó di ríìmù mú, á tẹ̀. Okùn inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣẹ́. Tí wọ́n bá fà á jáde, á padà rí roboto, wọ́n á fi nǹkan dúdú nù ún, á máa dán. Ojú kò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe sí táyà tuntun mìíràn o, nítorí náà kí ẹ tó ra tuntun pàápàá, ẹ fi ọwọ́ ra etí rẹ̀ yíká, kí ẹ wò ó bóyá ibì kan kákò tàbí ó wọnú.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí ẹsẹ̀ kan. Oòrùn ń gbó o, afẹ́fẹ́ ń gbó o. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2018. Tó bá jẹ́ nọ́ḿbà mẹ́ta péré lẹ rí, ẹ dìde níbẹ̀, táyà yẹn ti wà ṣáájú ọdún 2000. Tí ẹ kò bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yí táyà náà padà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sí. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni SON àti àwọn Road Safety fi ṣe ààlà fún wa níbí. Tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì kún, ẹ bi ara yín léèrè: kí ló dé tí òyìnbó fi bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí eyín kò tíì tán? Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà ní ìjàm̀bá. Ó sì lè jẹ́ pé táyà náà ti dàgbà, tí òfin tàbí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lò ó mọ́.

Ọgbọ́n burúkú kan tún wà: àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín táyà tó ti jẹ, kó lè dà bíi tuntun. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àyè àárín eyín. Nínú táyà tí wọn kò fọwọ́ kàn, ẹ máa rí àwọn òkè kéékèèké tó dá àyè náà ní ìbú, wọ́n wà níbẹ̀ láti fi hàn pé eyín ti ń tán. Tí ẹ kò bá rí wọn níbì kankan, tí ìlà náà sì ń wọ́ bí ìlà ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ, ọ̀bẹ ti kan án. Ó ti gbẹ́ ẹ sún mọ́ wáyà.

Nítorí náà, tòkunbọ̀ Jámánì tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n tún ki bọ inú ẹlòmíràn, mi ò lè sọ pé ó sàn ju táyà Ṣáínà ọdún yìí tí nọ́ḿbà ẹrù rẹ̀ pé. Orúkọ kì í ru iṣu.

Ẹ wá gbọ́ apá tó dùn mọ́ mi jù, èyí tí kò ní ná yín ní owó táyà. Atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rántí: iye wo ló wà nínú táyà wọn lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rì? Ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà lẹ́bàá títì á fẹ́ ẹ dé 40 láìbèèrè, pàápàá tí wọ́n bá rí i pé píkọ́ọ̀pù ni. Táyà tó le bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ díẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, ńṣe ló ń gé ẹrẹ̀ bí àdá. Tí ẹ bá dé etí ibi tó rọ̀, tí ọkọ̀ kò sì ru ẹrù púpọ̀, ẹ dúró, kí ẹ jò ó sílẹ̀ dé bíi 20 lórí géèjì. Lórí iyanrìn, ẹlòmíràn á dé 18. Táyà á rọ̀, á gùn sílẹ̀, á tẹ ilẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, ọkọ̀ tó rì lánàá á kọjá lónìí. Ẹ má sáré kọjá 30 nígbà tó bá rọ̀ báyẹn, ẹ má ṣe já kọ́nà lójijì, nítorí etí táyà lè bọ́ kúrò lára ríìmù. Tí ọkọ̀ bá ru ẹrù, ẹ má jò ó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo tún fi ń sọ pé kí iṣu máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o: ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ dín, tó ru ẹrù, tó ń sáré lórí títì gbígbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà, ooru á máa pọ̀ nínú rẹ̀ títí tí okùn inú rẹ̀ á fi já. Nítorí èyí, ohun méjì ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra táyà rárá. Géèjì tiyín, kì í ṣe ti fọ́kánáísà tí ó ti ṣubú sórí kọnkéré lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àti pọ́ńpù kékeré tó ń lo iná bátìrì ọkọ̀. Ẹ máa wọn atẹ́gùn ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sí ara ẹnu ọ̀nà ìjókòó awakọ̀. Iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá, òun kọ́ ni ẹ máa fi wakọ̀ lójoojúmọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lójú pé tí ẹ̀gbọ́n wa bá fi géèjì àti pọ́ńpù yìí gbìyànjú, wọ́n lè rí i pé ìdajì ìṣòro odò yẹn ti lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ táyà kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù, kíá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, irú kan náà. Tí ẹ bá wọ four-wheel, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọ̀kan nínú gíà, tí táyà iwájú bá kéré ju ti ẹ̀yìn lọ, ọ̀kan á máa fa èkejì, gíà ló máa jẹ̀yà rẹ̀. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ má wọ four-wheel lórí ọ̀dà gbígbẹ. Táyà sípíà náà, ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì máa rántí wọn atẹ́gùn rẹ̀, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ojú kì í dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín láti ra táyà tó ga ju ti ọkọ̀ lọ kó lè rẹwà, á máa ha ara nígbà tí ẹ bá yí sítíà, eré tí ọkọ̀ bá sì ń fi hàn yín kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé méjì lowó ká lónìí, ẹ ra méjì tó dára, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn, èyí tó sàn jù nínú àwọn àtijọ́ lọ sí iwájú, kí ẹ sì máa fowó pamọ́ fún méjì tó kù. Àtijọ́ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì tètè máa bọ́ kúrò nínú four-wheel tí ẹ bá ti dé ilẹ̀ tó le.

Ní ti odò náà fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kò sí táyà tó mọ inú omi. Kí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá pẹ̀lú ọ̀pá kí ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́, pàápàá lẹ́yìn òjò òru. Kí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà yẹn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n da òkúta àti yangí sí ibi méjèèjì tí táyà ń gbà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Owó oúnjẹ wọn lọ́jọ́ náà kò tó ìdá mẹ́wàá owó M/T mẹ́rin.

Tí ẹ bá ti rí A/T tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí nọ́ḿbà ẹrù àti DOT hàn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kan náà kí ẹ tó sanwó. A ó bá yín kà á. Ẹ̀yin olùgbọ́ tó kù náà, ẹ jáde síta báyìí, kí ẹ wo ọjọ́ ìbí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ti ta ló dàgbà jù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bátìrì la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìbéèrè mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.